Àwọn Ọmọ Brandt ti Salzrode

Ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ní Al-Ammariyah, ní Jẹ́dà, ni Ṣìkẹ́ wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń dúró kí wọ́n bá a gé ìsàlẹ̀ ábáyà rẹ̀ kúrú, nígbà tí Dókítà Abdulrafiu pè é láti Mẹ́kà. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, torí Abdulrafiu kì í pe ènìyàn lásìkò iṣẹ́. Ọmọ Ìwó ni, ó ń ṣe dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn kan ní Mẹ́kà, ilé rẹ̀ sì wà ní Ar-Rusaifah. Òun àti Sàkáríyà, ọkọ Ṣìkẹ́, ni wọ́n jọ lọ sí yunifásítì ní Ìlọrin, bí àbúrò ló sì ṣe ń ṣe sí Ṣìkẹ́.

"Àǹtí, ẹ káàsán. Ẹ má bínú. Ìlú Jámánì tí ẹ kọ ìwé nípa ìtàn rẹ̀ yẹn, kí lẹ pe orúkọ rẹ̀?"

"Salzrode. Kí ló dé?"

"Aláìsàn kan wà lọ́wọ́ wa níbí. Ibẹ̀ ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ sọ pé wọ́n ti bí i."

Ṣìkẹ́ wá ibì kan jókòó. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì kan ní Jẹ́dà, kò tíì pàdé ẹnì kankan tó gbọ́ orúkọ ìlú yẹn rí, títí kan àwọn ará Jámánì fúnra wọn. Àwọn Yorùbá tó wà ní Jẹ́dà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé èwo ni ti obìnrin Ọ̀ffà tó fi ọdún gbọọrọ ṣèwádìí nípa ìlú tí kò tó àdúgbò kan ní Ìbàdàn.

Abdulrafiu ṣàlàyé fún un. Obìnrin náà ń jẹ́ Noura, ó sì ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Ará Yemen ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú, wọn kò sì bímọ. Úmúrà ló wá ṣe. Ó gba yàrá kan lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Layla ní At-Tandabawi, ó ní òun fẹ́ pẹ́ díẹ̀ nítòsí Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ṣùgbọ́n èyí tó rú gbogbo wọn lójú ni pé nígbà tó lajú, kò gbọ́ Lárúbáwá mọ́.

"Layla sọ pé bí ọmọ agbègbè Hijaz yìí ló ṣe máa ń bá òun tàkúrọ̀sọ. Ní báyìí, Fátíhà nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ti kà á tán, èdè mìíràn ló kàn. Ọ̀gá wa kan tó kàwé ní Jámánì wá gbọ́ ọ, ó ní èdè Jámánì tí òun mọ̀ kọ́ nìyí. Kò jẹun, Àǹtí. Kì í fẹ́ dùbúlẹ̀. Á máa na ìka sí ilẹ̀, á máa ké, á fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn kó máa lọ. A ò sì fẹ́ dè é lọ́wọ́."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn."

Ṣìkẹ́ gbọ́ ariwo wọ́ọ̀dù díẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn obìnrin. Ohùn náà wúwo, ó sì ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn. Bí ohùn Màmá Gerda, obìnrin tó gba Ṣìkẹ́ sílé ní Salzrode, ló ṣe rí gẹ́lẹ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó ní ilẹ̀ ń lọ. Ó ní kí wọ́n lọ pe Gerda jáde. Mò ń bọ̀."

Sàkáríyà ló wa ọkọ̀. Ẹnjinníà ni, níbi tí wọ́n ti ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kí ìlú lè rí omi mu. Bí wọ́n ti bọ́ sí ọ̀nà Mẹ́kà, ó ní kí ìyàwó òun tún ìtàn ìlú náà sọ fún òun, torí òun ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣìkẹ́ sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Iyọ̀ ló dá Salzrode sílẹ̀. Omi iyọ̀ kan ló ń sun láti inú ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, àwọn ènìyàn wá tẹ̀dó tì í, wọ́n ń se omi náà nínú agbada ńláńlá títí yóò fi gbẹ ku iyọ̀. Igi tí wọ́n fi ń dáná pọ̀ débi pé igbó àyíká tán. Wọ́n lówó, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ilé ìṣọ́ gíga, wọ́n mọ odi yí ìlú ká. Ogun jó ìlú náà, wọ́n tún un kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé oríṣi iyọ̀ mìíràn, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fi ṣe ajílẹ̀, wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n bá gbẹ́ kòtò wọnú ilẹ̀ lọ. Abẹ́ ilé ara wọn ni wọ́n ń gbẹ́. Omi ráyè wọ àwọn ihò náà, iyọ̀ tó gbé ìlú dúró sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ tẹ̀. Ògiri ń là. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lásìkò ìjọba kọ́múníìsì, àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Soolgasse wọlẹ̀ lọ tilé tilé. Adágún omi ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti ṣe ọgbà yí i ká.

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?" Sàkáríyà bèèrè.

"Wọ́n ti kó wọn jáde kó tó wọlẹ̀. Ẹnì kankan ò kú. Bí gbogbo ìwé ìjọba ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Bí Màmá Gerda náà ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, ọmọ Soolgasse sì ni."

Ọ̀dọ̀ Gerda Brandt ni Ṣìkẹ́ gba yàrá sí ní gbogbo àkókò tó fi ṣèwádìí ní Salzrode. Opó ni Gerda, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ṣì ń jẹ́, kò lọ́mọ lọ́dọ̀, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú nítorí àyálégbé rẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀ ni Ṣìkẹ́ ti kọ́ èdè àdúgbò tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà kò sọ mọ́. Ní ilé ìdáná rẹ̀ ni Ṣìkẹ́ jókòó sí lọ́jọ́ tó bi í nípa Soolgasse. Gerda dá a lóhùn pé, "Gbogbo wa ti jáde," ó sì bu kọfí sí i. Ṣìkẹ́ kọ gbólóhùn náà sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde, ìjọba ìbílẹ̀ Salzrode mú gbólóhùn kan nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó tí wọ́n gbé dúró létí adágún: pé kò sí ẹni tó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀.

"Ṣé ó ní ẹ̀gbọ́n ni?"

"Kò sọ ọ́ fún mi rí, Bàbá Munirah. Kò sọ ọ́ rí."

Ní ilé ìwòsàn, Abdulrafiu ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí wọn, ó mú Ṣìkẹ́ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ó sì fà á lé nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Taghreed lọ́wọ́. Ojú Taghreed fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Layla, onílé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó gbé agolo oúnjẹ sórí itan, oúnjẹ náà sì ti tutù.

Lórí ibùsùn ni obìnrin arúgbó kan jókòó sí, ó di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Àgbọ̀n Gerda ló wà lójú rẹ̀. Iwájú orí Gerda ni. Ṣìkẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń kí àgbà, ó sì sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ilé ìdáná Salzrode.

"Ẹ káàsán, Màmá. Kí ló ń ṣe ilẹ̀ náà?"

Obìnrin náà yí ojú sí i. Ó wo ojú dúdú tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ábáyà, ó tún wo ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ilé Gerda ni mo gbé."

"Gerda ò sí nílé. Gerda ò dúró níbi tí mo ní kó dúró. Ṣé o ò gbọ́ ilẹ̀ ni?"

Ṣìkẹ́ dẹ etí. Ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n ń gé òkè kan lulẹ̀ láti kọ́ ilé sí i, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta náà kò sì sinmi. Omi inú ife tó wà lórí tábìlì ń gbọ̀n. Tí ènìyàn bá gbé àtẹ́lẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti mọ́ ọn lára débi pé wọn kì í gbọ́ ọ mọ́.

Ó yíjú sí Taghreed, ó bá a sọ Lárúbáwá. "Àpáta tí wọ́n ń fọ́ yẹn ló ń dẹ́rù bà á. Ìlú tí wọ́n ti bí i, ilẹ̀ ló gbé ilé wọn mì. Ó rò pé òun ṣì wà níbẹ̀. Ṣé yàrá wà lápá kejì, níbi tí ilẹ̀ kò ti ní máa gbọ̀n?"

Taghreed wo ife omi náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní òun yóò wá ibì kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ibùsùn Noura gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tó dákẹ́. Ṣìkẹ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó ń sọ fún un pé wọ́n ń gun òkè lọ ni, wọ́n ń gba iwájú ilé búrẹ́dì, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé. Ó mọ gbogbo òpópónà náà, ó sì ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Noura ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dúró, ó gbé orí lé ìrọ̀rí.

"Gerda wà láàyè, Màmá," Ṣìkẹ́ sọ fún un. "Ó ti dàgbà. Ilé rẹ̀ wà lókè, nítòsí ibùdó rélùwéè. Ilẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀."

"Wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i."

Noura mí kanlẹ̀. Layla sún mọ́ ọn pẹ̀lú làbán, wàrà kíkan, àti ṣíbí, Noura sì lanu gbà á. Layla ń bu ú fún un díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ "Àlùámúdùlíláì" lábẹ́ ohùn. Ó ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Màmá wa ńkọ́?"

Ṣìkẹ́ bi í padà. "Níbo ni Màmá yín wà nígbà yẹn?"

"Nínú ilé ni. A ti jáde, a ti dé ibi ẹ̀rọ omi. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun wà nínú ilé, pé kí la máa fi jẹun? Ó padà wọlé. Mo ní kí Gerda dúró, mo sáré tẹ̀ lé Màmá. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. Kò sí ilé mọ́."

Lójú ọ̀nà Jẹ́dà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ṣìkẹ́ sọ ohun tó gbọ́ fún ọkọ rẹ̀. Sàkáríyà gbọ́ ọ tán kó tó bi í léèrè.

"Ṣé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìsàn ló ń sọ ọ́?"

"Rárá. Àìsàn kì í hùmọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ti rí orúkọ ìyá náà nínú ìwé ìlú, Martha Brandt. Wọ́n kọ ọ́ pé ọkàn ló pa á nílé ìwòsàn, lọ́sẹ̀ kan náà tí Soolgasse wọlẹ̀. Mo kà á, mo sì ṣí ojú ewé kejì. Kò ta mí lólobó rárá."

"Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

"Mi ò sọ pé ẹ̀bi mi ni. Mo kàn ń rántí bó ṣe bu kọfí sí mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ló pe Gerda. Ìyá arúgbó náà béèrè àlàáfíà Munirah, ọmọ wọn, ó béèrè bóyá oòrùn ṣì mú ní Jẹ́dà. Ṣìkẹ́ dá a lóhùn tán kó tó wọ inú ọ̀rọ̀.

"Màmá Gerda, mo rí Hannelore."

Gerda kò béèrè pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣìkẹ́ ṣe mọ̀ pé orúkọ tó kà nínú ìwé ìrìnnà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Noura, jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tòótọ́.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú. Ara rẹ̀ ni kò yá. Ó wà ní Mẹ́kà, ó sì ń pè yín."

"Èmi ló ń pè, àbí Màmá wa?"

"Ẹ̀yin ni. Ó rò pé ẹ ò tíì jáde."

"Ó ti sọ fún ẹ, nígbà náà."

"Ó sọ fún mi."

Gerda kò jiyàn, kò sì tọrọ gáfárà. Ó béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun wọ Mẹ́kà. Ṣìkẹ́ ní rárá, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n Jẹ́dà kò ní wàhálà, físà rẹ̀ kò sì ṣòro.

"Ẹ gbé e wá sí Jẹ́dà nígbà náà," Gerda sọ. "Èmi á wá."

Abdulrafiu ló ṣe wàhálà ìwé. Ó rí ibùsùn fún Noura ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù láti rìn padà. Ó tẹ̀ lé ọkọ̀ aláìsàn náà títí dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan. Layla jókòó ti Noura nínú ọkọ̀ náà, ó ń sunkún bí ẹni tó ń sin àbúrò rẹ̀ lọ sílé ọkọ.

Gerda dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣìkẹ́ lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ti tẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó fi sícáàfù wé orí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó wé e. Wọ́n dì mọ́ra. Nínú ọkọ̀, kò béèrè nǹkan kan ju bóyá Hannelore lè jókòó fúnra rẹ̀ lọ.

Noura jókòó lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wo Gerda títí. Ní èdè wọn, àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n ní "ẹ̀yin", "ìwọ" ni wọ́n jọ ń pe ara wọn.

"O ti darúgbó," Noura sọ.

"Ìwọ náà ti darúgbó."

"Kí ló dé tí o ò dúró níbi ẹ̀rọ omi?"

Gerda fa àga kan, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ kan orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí. Mo sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo wá ẹ títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Mo mọ̀."

Noura na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi kan sícáàfù tó wà lórí Gerda, ó tún un ṣe díẹ̀ níwájú orí. Ṣìkẹ́ jáde, ó lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Layla, ó sì ra tíì fún àwọn méjèèjì.

Ilé Ṣìkẹ́ ni Gerda dé sí. Ní ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń bó ànàmọ́ nínú ilé ìdáná, ó sọ ìyókù láìjẹ́ pé Ṣìkẹ́ bi í. Àwọn aláṣẹ wá bá bàbá wọn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ni ìyàwó rẹ̀ kú sí. Wọ́n ní àwọn á fún un ní ilé tuntun lókè. Ó ní ọmọ méjì lọ́wọ́, ó gbà. Ṣùgbọ́n Hannelore dìde ní kíláàsì, ó sọ fún gbogbo wọn pé kòtò iyọ̀ ló pa ìyá òun, pé òkú rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Wọ́n lé bàbá wọn kúrò níṣẹ́. Wọn kò fún wọn ní ilé tuntun náà mọ́, gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n sùn sí ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Gerda ṣàìsàn àyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

"Ó sọ òótọ́, èmi ni mo sì ń wúkọ́," Gerda sọ. "Mo bínú sí i ju bí mo ṣe bínú sí àwọn yẹn lọ. Nígbà tó pàdé ọmọ Yemen tó ń kàwé ní Leipzig, tó gba ẹ̀sìn rẹ̀, tó bá a lọ, mo ní kó máa lọ. Ó kọ lẹ́tà. Mi ò fèsì."

"Nígbà tí ìjọba yẹn lọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè ṣe yín ní nǹkan mọ́."

"Bàbá mi ní kí n má sọ. Ó ti kú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù lẹ́nu mi, Ṣìkẹ́. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni mo ń sọ ohun kan náà fún. Nígbà tí ìwọ náà béèrè, mi ò tilẹ̀ rò ó."

Ṣìkẹ́ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ti ń múra ọ̀rọ̀ líle kan sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pe Gerda lórí fóònù, ọ̀rọ̀ nípa ìwé, nípa pátákó, nípa iṣẹ́ ọdún gbọọrọ. Ó wò ó pé obìnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wọkọ̀ òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ láti wá sí ìlú tí kò mọ̀.

"Orúkọ Màmá yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀," ló sọ níkẹyìn.

"Mo mọ̀. Èmi fúnra mi ni màá lọ bá ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe ìwọ."

Gerda pẹ́ ju bó ṣe sọ lọ. Lójoojúmọ́ ló ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dúró tì í níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ láti rìn. Lárúbáwá Noura ń padà díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìbínú. Ó ń bá Layla jà nítorí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ó ń bá Gerda jà nítorí àwọ̀ tí wọ́n kun fèrèsé ilé wọn, ọ̀kan ní ewé ni, èkejì ní búlúù. Munirah ń jókòó láàárín wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń dá wọn lóhùn ní Lárúbáwá, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí Noura bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn, Gerda ní kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ sílé. Ó ní yàrá tí Ṣìkẹ́ gbé ṣì wà bẹ́ẹ̀, oòrùn ń wọ ibẹ̀ láàárọ̀.

"Rárá," Noura dá a lóhùn.

"Ta lo ní ní Mẹ́kà?"

"Mo ní Layla. Mo sì ti pinnu ibi tí wọ́n máa sin mí sí. Gerda, mo ti wà nínú ẹ̀sìn yìí ju bí mo ṣe wà ní Salzrode lọ."

Nígbà tí Gerda padà dé ilé, ó fọ gbogbo àwo Ṣìkẹ́, títí kan èyí tó mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó béèrè pé níbo gan-an ni òun lè bá wọn dé lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dá òun padà.

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n fi lọ. Gerda àti Noura wà nínú ti Sàkáríyà. Abdulrafiu wá láti Mẹ́kà kó lè gba Noura lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà, Ṣìkẹ́ sì jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Wọ́n yà sí ibi ìsinmi kan lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀nà Mùsùlùmí àti ti àwọn mìíràn ti pínyà. Sàkáríyà ra tíì oníminti. Àwọn arúgbó méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú òjìji, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ń fẹ́ ìborùn wọn. Gerda bọ́ sùẹ́tà rẹ̀, ó ní Mẹ́kà lè tutù lálẹ́, kí ẹ̀gbọ́n òun mú un dání. Noura ní Mẹ́kà ò ní òtútù. Ó gbà á, ó gbé e lé itan.

"Ṣé wàá pè mí?" Gerda bi í.

"Tí mo bá rántí ọ̀rọ̀."

"Èyí tó bá ti wá sí ẹ lẹ́nu, sọ ọ́. Màá gbọ́."

Abdulrafiu ran Noura lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ tirẹ̀, Ṣìkẹ́ sì bá wọn lọ. Gerda dúró lẹ́bàá Sàkáríyà, ó ń wo ọkọ̀ náà títí tó fi dàpọ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ yòókù. Sàkáríyà kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó gba ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ ra òmíràn wá fún un, ó sì dúró tì í títí tó fi mu ún tán.

Gerda ṣe ohun tó sọ. Ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni wọ́n fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà, torí àwọn kan ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ṣìkẹ́ kọ àlàyé ránṣẹ́ pé òun ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò nínú ìwé òun, ó sì sọ ẹni tó sọ òdodo fún òun. Wọ́n pààrọ̀ pátákó náà nígbà tí yìnyín yọ́ tán. Gerda ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ṣìkẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ṣìkẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé Layla ní At-Tandabawi, ó gbé fọ́tò náà síwájú Noura. Orúkọ Martha Brandt wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, àti pé ó padà wọlé lọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Noura wò ó, ó sún fóònù jìnnà, ó tún fà á sún mọ́ra. Ó ní lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù. Ó ní kí Ṣìkẹ́ bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi, kí òun lè kà á dáadáa.